Gbèsè Ọmọ Tó Dúró Tọ́jú Wa

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo bá wá, gbèsè tí àwọn ọmọ wa ń jẹ kí wọ́n lè kàwé, pàápàá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ní yunifásítì ìjọba.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun lórí owó ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Àjọ NELFUND ló ń yá wọn. Kò ní èlé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bó bá ti pé ọdún méjì tí ọmọ náà ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tó sì ti ríṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ká ní ₦100,000 ló ń gbà, ₦10,000 ti lọ kó tó fojú kàn án.

Òfin náà fàyè sílẹ̀ fún ìdáríjì gbèsè bí ẹni tó yáwó bá kú, tàbí bí àjálù bá sọ ọ́ di ẹni tí kò lè san án mọ́. Ó dára. Opó inú Àwọn Ọba Kejì orí kẹrin, tí olówó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú, ìbá dúpẹ́ fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó wà láàyè, tó ń gbẹ̀bí lóru ní Ọ̀rà tàbí Òkè-Ìlá, gbèsè tirẹ̀ kì í dín nítorí iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ti japa lọ sí London, agbanisíṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin wa. Ẹni tó dúró sí Ìlá Ọ̀ràngún ni ọwọ́ tètè ń tẹ̀ lóṣooṣù. Àfi bíi pé a ń fìyà jẹ ẹni tó dúró tì wá!

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tàbí tó wà níléeṣẹ́ tí kì í wá èrè, tó sì san gbèsè rẹ̀ ní ìgbà 120, wọn yóò fi ìyókù jì í. Nọ́ọ̀sì àti dókítà wà nínú wọn. Kì í ṣe pé wọ́n láàánú jù wá lọ. Wọ́n mọ̀ pé ó ṣòro kí dókítà tó jẹ gbèsè gbà láti lọ sí ìgbèríko.

Ẹnìkan á ní ará wa kì í san gbèsè ìjọba. Òótọ́ ni pé ìjọba ti dá irú ẹ̀yáwó yìí sílẹ̀ lọ́dún 1972, tí ọ̀pọ̀ ò sì san án padà. Ṣùgbọ́n n kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó sá. Iṣẹ́ tí a rí, tó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn lọ́dọọdún, ni kí wọ́n fi dín gbèsè kù. Nínú Diutarónómì orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ọdún keje ni ìdásílẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá lo ọdún méje lọ́dọ̀ wa, ṣé kò tó?

Ẹ jẹ́ kó wà nínú òfin o. Ẹnu iṣẹ́ ọba ni mo wà. Fáìlì tí kò ní òfin lẹ́yìn, orí tábìlì ló ń sùn sí. Kí Àbújá tó ṣe tirẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè máa bá àwọn tó wà ní ìgbèríko san díẹ̀. Ìwé tí a fẹ́ kọ sí àwọn aṣòfin wa ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan kà á kó tó fọwọ́ sí i.