OORU TÍ Ó FARA SIN: ÌṢIRÒ OORU NÍDÌÍ ÌLÉRU ADÀKÒKÒ

Bí a bá ń bá ojú irin lọ láti Ìkẹjà sí Agége, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni a óò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ tí ń yọ́ àlòkù àlùmíníọ̀mù láti fi da ìkòkò wà láàrin wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo mú ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn ní Agége. Àlòkù wáyà iná, kílógíráàmù 20, ni wọ́n fẹ́ yọ́. A jọ ń wo ẹ̀rọ náà bí ó ti ń gòkè: 200, 400, 600. Nígbà tí ó dé 660, ó dúró gbọn-in. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní, 'Ọ̀gá, iná yìí ti rẹ̀ o.' Bàbá náà dáhùn pé, 'Má fi ẹwìrì sílẹ̀. Iná kò rẹ̀. Irin ni ó ń jẹ ẹ́ mọ́nú.'

Ohun tí Joseph Black fi hàn ní Glasgow ní nǹkan bí ọdún 1761 gan-an ni bàbá yìí sọ. Ìgbóná yàtọ̀ sí ooru. Ìgbóná ni bí nǹkan ti gbóná tó. Ooru ni agbára tí ó wọ inú rẹ̀. Bí nǹkan bá ń yọ́, ó ń gba ooru, ṣùgbọ́n ìgbóná rẹ̀ kì í lé sí i, nítorí pé ìdè tí ó so ó ró ni ooru náà ń tú. Mo pe èyí ní ooru tí ó fara sin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Kí ìgbóná kílógíráàmù àlùmíníọ̀mù kan tó fi digírì kan lé sí i, yóò gba nǹkan bí Joule 900. Láti 30 dé 660 jẹ́ digírì 630. 630 lọ́nà 900 jẹ́ 567,000. Láti yọ́ ọ, a óò tún fi nǹkan bí 397,000 lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 964,000. Nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ni ó fara sin.

Fún kílógíráàmù 20, Joule 19,280,000 ni. Kílógíráàmù èédú gbígbẹ kan a sì máa mú nǹkan bí 30,000,000 jáde. Èédú tí kò tó kílógíráàmù kan ni à bá lò bí kò bá sí òfò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọn èyí tí ó jó ní ọjọ́ náà, ó lé ní 8. Níbo ni ìyókù lọ? Afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ògiri ìléru sì fà á mu. Bàbá náà dákẹ́ títí, ó ní, 'Ọmọ mi, èrè mi ni o kà sílẹ̀ yẹn.'

A fi amọ̀ kún ògiri náà, a dé ẹnu ìléru, a sì to wáyà tí ó kàn sí etí iná kí ó máa yá gbágbá. Èyí tún ní àǹfààní kejì: bí àlòkù tí ó tutù fún omi bá bọ́ sínú irin yíyọ́, omi náà yóò di oruku lójijì, irin yóò sì ta sí ojú ènìyàn. Nígbà tí a tún yọ́ kílógíráàmù 20, èédú tí ó jó kò tó 6.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwọn baba wa ti ń da idẹ àti bàbà ní Ilé-Ifẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́. Ojú wọn mọ iná. Iye ni ó kù kí a fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́, ní èdè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí ìṣirò yìí bá parí sínú ìwé ìdánwò, a jẹ́ pé àwa náà ń jẹ́ kí ooru bá afẹ́fẹ́ lọ.