Ìwé Ìrìbọmi Láti Ilé

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó bi wá ní ìbéèrè kan náà: “Fadá, ìwé ìrìbọmi mi nìyí láti kékeré, kí ló dé tí ẹ tún ní kí n lọ gba òmíràn wá láti ilé?” Ìbéèrè náà tọ́, nítorí a mọ̀ pé láti ìhín dé ilé kì í ṣe ìrìn kékeré, owó ọkọ̀ kò sì rọrùn.

Ìwé tí ó wà nínú àpótí yín ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé ńlá tí ó wà ní ìjọ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún yín kò dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Láti ìgbà àṣẹ tí Róòmù gbé jáde ní 1907, ní ayé Póòpù Pius Kẹwàá, ni ó ti di dandan pé níbikíbi tí Kátólíìkì bá ti gbéyàwó, kí a ránṣẹ́ sí ìjọ ìrìbọmi rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Òfin Ìjọ ti 1983 fi ìdí èyí múlẹ̀, ó sì ní kí àkọsílẹ̀ náà hàn nínú ìwé ẹ̀rí tí a bá fún ènìyàn. Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

A kò lè gbàgbé arákùnrin kan tí ó tọ̀ wá wá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pa Mísà jẹ. Wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Èsì dé láti ilé: orúkọ obìnrin mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò purọ́ fún wa. Ẹbí obìnrin àkọ́kọ́ ti dá owó orí padà, àwọn àgbà ti jókòó, ọ̀rọ̀ sì ti parí lójú wọn. Ṣùgbọ́n dídá owó orí padà kò lè tú ìdè tí a so níwájú pẹpẹ. Kóòtù Ìjọ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdè náà múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí sì ń gba àkókò. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ jókòó níwájú wa, kò sunkún, ó kàn ń ká ìwé ìpè náà, ó ń tú u. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí. Ká ní a ti gba ìwé àtijọ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni, ẹ̀yìn tí ó bá ti bímọ ni ìbá tó gbọ́.

Ohun kan náà ni ìkéde ìgbéyàwó wà fún. Ẹni tí ó bá mọ ìdíwọ́ kan, òfin ní kí ó sọ ọ́ fún àlùfáà kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ilé baba yín ní ìdálẹ̀ yìí? Ẹ jẹ́ kí a kéde yín ní ilé pẹ̀lú, níbi tí àwọn tí wọ́n mọ̀ yín láti kékeré wà.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ikán ti jẹ ìwé ìjọ ilé. Ẹ má fòyà. Bí kò bá ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní àbùkù, bí ìyá ìsàmì yín, tó láti fi hàn pé a ṣe ìrìbọmi fún yín. Ẹni tí ó sì ti dàgbà nígbà náà lè búra fúnra rẹ̀. Ní ti pé ẹ kò tí ì gbéyàwó, a ó wá àwọn tí wọ́n mọ̀ yín.

Ẹ kọ̀wé sí ilé kí ẹ tó san owó gbọ̀ngàn. Ẹ kọ orúkọ ìrìbọmi yín, orúkọ bàbá àti ti ìyá, ìlú àti ọdún. Orúkọ tí ẹ ń jẹ́ níbi iṣẹ́ nìkan kò tó, nítorí Fadá tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kò mọ̀ yín. Bí ẹnìkan bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì, ẹ fi rán an, kí ó sì dúró gba èsì bọ̀.