Ìdí tí àlọ New York fi pẹ́ ju àbọ̀ rẹ̀ lọ

Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé JFK ní New York, nǹkan bíi kìlómítà 5,550 ni. Síbẹ̀, àlọ máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 8, àbọ̀ kì í sì í sábà ju 7 lọ.

Afẹ́fẹ́ ló fà á. Lókè réré níbi tí bàálù ń gbà, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń ti bàálù tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn, ó sì ń dènà èyí tó ń lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, tí ìjì ńlá ń jà, bàálù British Airways kan fi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 dé Lọ́ńdọ̀nù láti New York. Ìyanu gbáà ni!

Ọ̀rọ̀ aago tún wà ńbẹ̀ o. Lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún, Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí 5 ṣáájú New York. Ẹni tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago 11 àárọ̀ yóò gúnlẹ̀ sí New York ní aago 2 ọ̀sán. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, aago ìgúnlẹ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá pàdé yín, ẹ má tún ṣírò ìyàtọ̀ wákàtí mọ́ ọn.