Ẹ jẹ́ kí iná àfikún ọkọ̀ wa ní olùṣọ́

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà, gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà? Iná tí a ń fi kún ọkọ̀ ni. Ẹ lọ dúró létí ọ̀nà Kétu sí Pobè, tàbí ọ̀nà Sakété sí Àjàṣẹ́. Ẹ óò rí ọkọ̀ tí a ti so iná méjì mọ́ iwájú rẹ̀, yàtọ̀ sí iná tí ọkọ̀ náà bá wá.

A kò lè bá awakọ̀ wí nítorí pé ó fẹ́ ríran. Ní òru, ọ̀nà ṣókùnkùn. Ní àkókò ọyẹ́, eruku ń bo ojú ọ̀nà. Ewúrẹ́ lè sùn sí ojú títì. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ lè dúró láìtan iná. Iná tó dára ń gba ẹ̀mí là.

Ṣùgbọ́n bí a kò bá so iná yìí dáadáa, òun náà ni yóò jó ọkọ̀. Ọkọ̀ tí a fi owó èésú ọdún púpọ̀ rà lè di eérú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èrò tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mọ bí iná ṣe ń rìn nínú ọkọ̀.

Bí iná ṣe ń rìn

Bátìrì ní orí méjì. Ọ̀kan ní àmì +. Èkejì ní àmì –. Iná ń jáde láti orí +, ó ń gba inú wáyà lọ sí gílóòbù. Lẹ́yìn èyí, ó ń gba ara irin ọkọ̀ padà sí orí –. Bí ọ̀nà yìí bá pé, gílóòbù á tàn. Bí ó bá já níbì kan, gílóòbù kò ní tàn.

Kí ni a ń pè ní fọ́ọ̀tì? Agbára tí ń ti iná lọ ni. Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ fọ́ọ̀tì 12. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá jẹ́ fọ́ọ̀tì 24. Ẹ má ṣe ra gílóòbù 12 fún ọkọ̀ 24: yóò jó lójú ẹsẹ̀.

Kí ni a ń pè ní àǹpẹ́ẹ̀rì? Bí iná tí ń kọjá nínú wáyà ṣe pọ̀ tó ni. Bí a bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, a ó wo wáàtì tí a kọ sí ara gílóòbù, a ó sì fi fọ́ọ̀tì pín in.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pọ̀. Iná méjì ni a fẹ́ so. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55. 55 àti 55 jẹ́ 110. Ẹ fi 12 pín 110. Ó lé díẹ̀ ní 9. Ìyẹn ni pé àǹpẹ́ẹ̀rì tí yóò kọjá lé díẹ̀ ní 9.

Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì. Wáyà tín-ín-rín dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ inú oko. Ènìyàn kan lè gbà á kọjá. Bí gbogbo èrò ọjà bá fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò há. Bí iná bá pọ̀ ju wáyà lọ, wáyà á gbóná. Rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́. Bàbà inú rẹ̀ á wá kan irin ọkọ̀.

Nígbà náà, iná kò ní dé ọ̀dọ̀ gílóòbù mọ́. Ó ti rí ọ̀nà àbùjá. Bátìrì á tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde, ó lè ju àǹpẹ́ẹ̀rì 100 lọ dáadáa. Wáyà á pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Ohun gbogbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbiná.

Olùṣọ́ náà

Olùṣọ́ kan wà tó lè dá èyí dúró. Àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ń pè é ní fusible. Àwa yóò kọ ọ́ báyìí: fúsíbù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, irin yìí á yọ́, ọ̀nà á já, iná á dúró. Fúsíbù ń kú kí ọkọ̀ má baà kú.

Níbo ni olùṣọ́ ń jókòó? Ẹnu ọ̀nà ni, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi fúsíbù sí ẹ̀gbẹ́ orí + bátìrì. Kò yẹ kí ó jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bí ẹ bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù, gbogbo wáyà tó wà láàárín kò ní olùṣọ́.

Fúsíbù wo ni ẹ óò rà? Fún iná méjì tí a ṣírò, 15 ni. Ó ju 9 lọ díẹ̀, kò sì ju agbára wáyà lọ. Lára fúsíbù pẹlẹbẹ ti àwọn ọkọ̀ òde òní, àwọ̀ pupa ni 10, àwọ̀ búlúù ni 15, àwọ̀ yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30.

Bí fúsíbù bá jó, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Ẹ wá ibi tí wáyà ti kan irin. Ẹ má ṣe fi 30 rọ́pò 15. Ẹ má ṣe fi bébà fàdákà inú páálí sìgá dí i. Ẹ má ṣe fi okùn bàbà so ó. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti lé olùṣọ́ lọ, ó sì ṣílẹ̀kùn fún olè.

Bí a ṣe ń so ó

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ tú orí – bátìrì. Bí iṣẹ́ bá parí, orí – ni ẹ óò dè kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí orí – bá ṣì wà níbẹ̀, tí irin tí ẹ fi ń tú orí + bá kan ara ọkọ̀, iná á ta pàrà. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde nínú bátìrì lè gbiná. Ẹ má ṣe mu sìgá níbẹ̀.

2. Ẹ ra wáyà ọkọ̀, tí okùn bàbà wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé 2,5 ni ẹ fẹ́. Wáyà ilé tí ó ní bàbà kan ṣoṣo gbọọrọ kò dára fún ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń mì, bàbà náà lè kán.

3. Ẹ má ṣe so iná tuntun mọ́ wáyà iná àtijọ́ ọkọ̀. Wáyà yẹn ní ẹrù tirẹ̀. Ẹ fún iná tuntun ní ọ̀nà tirẹ̀ láti bátìrì.

4. Ẹ lo rẹ̀lẹ́. Àpótí kékeré ni. Ó ń jẹ́ kí iná díẹ̀ láti ibi tí awakọ̀ ń tẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún iná púpọ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ óò wá ní abẹ́ rẹ̀. 30 ń gba iná láti bátìrì, lẹ́yìn tó ti gba inú fúsíbù. 87 ń lọ sí àwọn gílóòbù. 86 ń bọ̀ láti ibi títẹ̀. 85 ń lọ sí irin ọkọ̀. Ibi títẹ̀ náà lè gba iná lára wáyà iná kékeré iwájú, tí ó ní fúsíbù tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá pa iná kékeré yìí, iná àfikún náà á kú, kò ní mu bátìrì gbẹ mọ́júmọ́.

5. Níbi tí wáyà bá ti gba inú ihò irin kọjá, ẹ fi rọ́bà yí ihò náà ká, nítorí ẹnu irin mú bí ọ̀bẹ. Ẹ jẹ́ kí wáyà jìnnà sí ọ̀pá èéfín àti sí ọ̀pá ẹ̀sáǹsì. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ kí ó má máa mì.

6. Ẹ má ṣe lọ́ wáyà méjì pọ̀ lásán kí ẹ fi ọ̀rá wé e. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ lo irin ìsowáyà tí a ń tẹ̀ pọ̀, tàbí kí ẹ fi òjé jó o pọ̀, kí ẹ tó bò ó dáadáa.

7. Níbi tí wáyà – bá ti kan irin ọkọ̀, ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò. Irin gbọ́dọ̀ mọ́. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tan iná náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi ọwọ́ kan rọ́bà wáyà, ibi ìsopọ̀, àti ibi tí fúsíbù wà. Bí ibì kan bá gbóná, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sáǹsì

Àwọn kan ń kó kpayo nínú bídọ̀n sínú ọkọ̀ èrò. Ẹ̀yin ará, èyí léwu gan-an. Èéfín ẹ̀sáǹsì wúwo ju atẹ́gùn lọ, ó ń sùn sí ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀ta iná kékeré kan láti inú wáyà tó bó ti tó láti dá a. Ẹ má ṣe gbà á nínú ọkọ̀ tí ẹ bá wọ̀.

Bí ẹ bá rí èéfín tàbí tí ẹ bá gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ kó èrò jáde jìnnà. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì gbalaga, nítorí atẹ́gùn ń fún iná lágbára.

Ẹnìkejì ní ojú pẹ̀lú

Ẹ darí iná àfikún yín sí ilẹ̀, kì í ṣe sí ojú ẹni tí ń bọ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá yọ, ẹ pa á. Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́ lè ya wá pàdé yín. Ohun tí ẹ so láti gba ara yín là yóò wá pa yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ìmọ̀ yín wúlò níhìn-ín. Ẹ lè dúró ti oníṣẹ́ iná ọkọ̀, kí ẹ ka wáàtì lára gílóòbù, kí ẹ ka nọ́ńbà ara fúsíbù. Ẹ bi í léèrè pé: «Ọ̀gá, fúsíbù dà? Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì?» Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Yóò fi hàn yín.

Bí kò bá rí i fi hàn, ẹ má ṣe sanwó, ẹ má sì ṣe kó èrò sínú ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà á dára fún wa.