Irúgbìn Abẹ́ Fàráńdà àti Irúgbìn Orí Ebè

Ẹ̀yin lẹ ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí ọgbà ẹ̀fọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń dá sẹ́hìnkùlé, nítorí owó ọbẹ̀ ti fẹ́ jẹ owó oṣù tán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tiwa. Lọ́dún tó kọjá, a dáwó jọ ra irúgbìn tòmátì àti tàtàṣé, a sì fọ́n gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lóru ọjọ́ kẹta, òjò ńlá gbá a lọ. Èyí tó ṣẹ́kù, èèrà kó o. Owó wa wọgbó. Hóró tòmátì kéré, ata sì máa ń lọ́ra. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 kó tó hù. Irú wọn kò yẹ kó bá òjò àti èèrà jà láti ọjọ́ kìíní.

Agolo ọ̀dà tàbí abọ́ ìfọṣọ tó ti fọ́ létí ti tó. Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, ẹ bu ilẹ̀dú sí i, ẹ gbé e sábẹ́ fàráńdà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru lè bomi rin ín láàárọ̀ tó bá dé. Ẹ̀yin awakọ̀ tó ń sùn lójú ọ̀nà, ẹ bẹ ìyàwó yín. Ẹ má sì ta gbogbo ata náà mọ́ ọn lójú. Tòmátì á tó hú gbìn ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ata ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́hìn, ẹ máa gbé e sí oòrùn díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò rọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ hú u gbìn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irúgbìn là ń tọ́ bí ọmọ tuntun. Ẹnìkan nínú wa gbin ilá sínú agolo, ó ń gẹ̀ ẹ́ bí ẹyin. Nígbà tó hú u, gbòǹgbò já, ilá kú. Gbòǹgbò ilá máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀, kò fẹ́ ká ṣí i nípò. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín sórí ebè, hóró 2 sí 3 nínú ihò kan. Tẹ̀tẹ̀ náà, orí ebè ni tirẹ̀: ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má baà hù jọ sójú kan, kí ẹ tó fọ́n ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4, ó ti dé ìkòkò. Ti ewédú, èèpo rẹ̀ le. Ẹ kọ́kọ́ rì í sínú omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ sá a.

Irúgbìn tí ẹ̀ka wa rà lọ́tẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ tàtàṣé, kó mú agolo rẹ̀ dání wá ká rí i.