Ọ̀rọ̀ Lórí Eré Sinimá "October 1"



Eré ọlọ́pàá tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni èyí tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2014, tí Túndé Babalọlá kọ. Àkótè tí wọ́n pe ìlú inú rẹ̀ kò sí níbì kan. Ìlárá-Mọ̀kín, ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, wà lára ibi tí wọ́n ti ya á.

Ní ọdún 1960, bí òmìnira ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnìkan ń pa àwọn ọmọbìnrin ní Àkótè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán Danladi Waziri, ọlọ́pàá ará Òkè Ọya, láti wá apànìyàn náà rí. Kò gbọ́ èdè ìlú. Afọ̀njá, ọlọ́pàá ọmọ Yorùbá, ni etí àti ẹnu rẹ̀. Sadiq Daba ṣe ipò yìí dáradára, bí ẹni tí àárẹ̀ ti mú kí ó tó dé. Wọ́n mú arìnrìnàjò ọmọ Haúsá kan, bàbá Ìbò kan tí a pa ọmọ rẹ̀ sì gbẹ̀san lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló jẹ̀bi. Láti ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 2022, tí a pa àwọn olùjọsìn ní Ọ̀wọ̀, àwa náà mọ bí ojú ti í yára wo àlejò.

Adérọ̀pò, ọmọ ọba tí ó kàwé, ni apànìyàn náà. Àlùfáà òyìnbó tí ó mú un lọ sí ilé-ìwé ní Èkó ni ó ti bà á jẹ́ ní kékeré. Ẹlòmíràn nínú àwa àlùfáà lè bínú sí èyí; àwa kò bínú. Àgbẹ̀kọ̀yà jìyà kan náà, ó sá padà sí oko, kò sì fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Àwa olùkọ́ a máa pe irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní òpè. Mélòó nínú wa ni ó ti bi í ní ìdí rẹ̀ rí?

Àbùkù rẹ̀ kò ṣàì sí. Ó gùn, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò ti fura sí ọmọ ọba kí eré tó dé ìdajì. Èyí tí ó dùn wá jù ni pé a kò mọ àwọn ọmọbìnrin náà tó kí wọ́n tó di òkú. A ń kà wọ́n ni, a kò ṣọ̀fọ̀ wọn.

Ní ìparí, àwọn ọ̀gá òyìnbó bẹ Waziri pé kí ó bo orúkọ apànìyàn náà mọ́lẹ̀ nítorí àlàáfíà orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́ ní ààfin, a fẹ́ gbọ́ láti ẹnu yín ohun tí ẹ̀ bá sọ fún un.