Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Di Olórí Ní Káǹpù



Ní 1883 ni William Smith dá ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow. Ní 1886 ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí káǹpù. Ní 1908 ẹgbẹ́ náà dé Èkó. Ọgbọ́n wọn kò le: ọmọ tó bá di kọ́póràlù ni yóò rí i pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọn omi, wọ́n dáná, wọ́n gbàdúrà.

Àwa òbí Festac àti Trade Fair ńkọ́? A ó sanwó káǹpù tán, a ó tún lọ bá ọmọ fọ abọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lọ́la, àwọn ni yóò di ẹgbẹ́ wa yìí mú.